Slope ìlà tó dábùú ara wọn, àti limit apá òsì pẹ̀lú apá ọ̀tún: níbo ni wọ́n ti pàdé?

Ọmọ Ìrẹ̀mọ (Ilé-Ifẹ̀) béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìṣirò. Part 1 ni mo wà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa lórí ìlà àti limit ni mo gbé wá, ibi mẹ́ta ni kò yé mi níbẹ̀.

Ìkíní. Wọ́n ní bí ìlà méjì bá dábùú ara wọn ní igun 90°, slope ọ̀kan lọ́nà slope èkejì á jẹ́ −1. Mo ti há èyí sórí láti ìgbà WAEC, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní gradient. Ṣùgbọ́n ìlà x = 4 àti ìlà y = −3 dábùú ara wọn, ojú rí i kedere lórí gíráàfù. Slope y = −3 jẹ́ 0. Ti x = 4, mo fi (4, 1) àti (4, 6) wá a, mo rí 5/0, kalikulétọ̀ sì kọ Error. Ṣé òfin náà kì í ṣe òótọ́ ni? Àbí slope ìlà òró ni infinity, tí 0 lọ́nà infinity wá jẹ́ −1?

Ìkejì. Wọ́n fún wa ní function yìí:

g(x) = x + 1, bí x < 3
g(x) = 7, bí x = 3
g(x) = 10 − 2x, bí x > 3

Wọ́n ní ká wá limit g(x) bí x ṣe ń sún mọ́ 3. Mo kọ 7, torí g(3) = 7. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ló so méjèèjì pọ̀. f(x) = |x − 2| + 1. Wọ́n ní ká wá limit apá òsì àti limit apá ọ̀tún ti [f(x) − f(2)]/(x − 2) bí x ṣe ń lọ sí 2, ká sì fi í hàn pé apá méjèèjì gíráàfù náà dábùú ara wọn ní ojú-àmì (2, 1). Mi ò mọ ohun tó kan limit nínú ọ̀rọ̀ igun.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìdáhùn nìkan ni mo ń wá. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀.


Tíṣà Ìlódè dáhùn:

Kú iṣẹ́, àbúrò. Ó dára bí o ṣe kọ ibi tí o bá a dé. Èmi á mú ọ̀rọ̀ slope, àwọn tó máa mú limit ń bọ̀ lẹ́yìn.

Gbé òfin −1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Mú ìwé gíráàfù. Láti ojú-àmì kan, ka ilé 3 sí ọ̀tún, ka ilé 2 sókè, fi àmì síbẹ̀, kí o fi rúlà so wọ́n pọ̀. Iye tó gòkè ni 2, iye tó lọ sí ọ̀tún ni 3, nítorí náà slope ni 2/3. Wàyí o, di ìwé náà mú, kí o yí i sí apá òsì títí 90° á fi pé. Ilé 3 tó dojú kọ ọ̀tún tẹ́lẹ̀ ti dojú kọ òkè. Ilé 2 tó dojú kọ òkè ti dojú kọ òsì, ìrìn tó bá sì lọ sí òsì, máínọ́ọ̀sì la fi ń kà á. Slope ìlà tuntun di 3/(−2), ìyẹn −3/2. Fi í lọ́nà 2/3, −1 ni. Ibi tí −1 ti wá gan-an nìyẹn: yíyí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, ó dojú ìdá náà dé, ó sì yí àmì rẹ̀ padà.

Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan, tó fi èkejì sílẹ̀, ibòmíràn ló máa bọ́ sí. Bí o bá dojú ìdá dé nìkan, tí 2/3 di 3/2, àwòrán ìlà náà nínú dígí tí a gbé sórí ìlà y = x lo yà. Bí o bá yí àmì nìkan, tó di −2/3, àwòrán rẹ̀ nínú dígí tí a tẹ́ sórí ìlà x lo yà. Kò sí èyí tó jẹ́ 90° nínú méjèèjì, àfi yíyí àmì nìkan, tí slope tí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bá jẹ́ 1 tàbí −1. Fi àfi yẹn sọ́kàn, ó máa wúlò nínú ìbéèrè rẹ kẹta.

Ibi tí máàkì ti ń dànù jù ni kíka slope láti inú irú 3x + 4y = 12. Wọ́n á wo 3 tó wà níwájú x, wọ́n á ní 3 ni slope. Rárá o. Àfi kí y kọ́kọ́ dá dúró: 4y = −3x + 12, y = −(3/4)x + 3. Slope ni −3/4, ti ìlà tó dábùú rẹ̀ sì ni 4/3. Bí wọ́n bá ní kí ìlà kejì yìí gba (6, −1) kọjá:

y + 1 = (4/3)(x − 6)
3y + 3 = 4x − 24
4x − 3y = 27

Dán an wò. 4 lọ́nà 6 jẹ́ 24, −3 lọ́nà −1 jẹ́ 3, àpapọ̀ wọn 27. Ó wọlé. Wo bí 3 àti 4 ṣe pààrọ̀ ipò tí àmì kan sì yí. Nínú JAMB tí àkókò kò sí, ọ̀nà àbùjá nìyẹn: kọ 4x − 3y = c lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fi ojú-àmì tí wọ́n fún ọ wá c, ó parí.

Tún ṣọ́ bí o ṣe ń yọ nọ́ńbà kúrò lára nọ́ńbà. Bí y kejì bá ṣíwájú lókè, x kejì gbọ́dọ̀ ṣíwájú nísàlẹ̀. Láàárín (1, 5) àti (4, −1), slope ni (−1 − 5)/(4 − 1) = −2. Ẹni tó bá kọ 1 − 4 sísàlẹ̀ á rí 2, ìlà rẹ̀ á sì máa gun òkè níbi tó yẹ kó ti máa sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀kan wà tó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà á pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́, ó sì ń dùn mí, torí kò sẹ́ni tó ń kìlọ̀ rẹ̀ fún wọn. Igun 90° kì í hàn bíi 90° lórí gíráàfù àfi tí ìwọ̀n x àti ìwọ̀n y bá dọ́gba. Ká ní ìbéèrè ní kí o lo sẹ̀ǹtímítà 2 fún ẹyọ 1 lórí x, àti sẹ̀ǹtímítà 2 fún ẹyọ 5 lórí y. Fa ìlà tí slope rẹ̀ jẹ́ 2 àti èyí tí slope rẹ̀ jẹ́ −1/2. 2 lọ́nà −1/2 jẹ́ −1, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n gbé protractor lé e, nǹkan bíi 27.5° ni wàá kà níbi tó fún jù. Ohun tó fà á ni pé ẹyọ 1 lórí y ti fún di sẹ̀ǹtímítà 0.4, nígbà tí ẹyọ 1 lórí x jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Ìwé ló tẹ ìlà méjèèjì lórí ba, ìlà kò ṣẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti jẹ́ −1, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.


Birikilà Ìsọ̀kùn (Iléṣà) dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìpìlẹ̀ ilé kún un, torí òfin kan náà là ń fi okùn ṣe, òun ló sì máa fi hàn ọmọ yìí ìdí tí x = 4 fi yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bí igun ìpìlẹ̀ bá máa jẹ́ 90°, a ó kan èèkàn kan mọ́ igun náà, a ó na okùn méjì láti ibẹ̀. Wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kìíní, sàmì sí i. Wọn 4 lórí ìkejì, sàmì sí i. Téèpù láti àmì dé àmì gbọ́dọ̀ ka 5 géérégé. Bó bá ju 5 lọ, igun náà ti la ẹnu jù. Bí kò bá tó 5, ó ti pa ẹnu dé jù. Ínǹsì 1 kì í ṣe kékeré níbẹ̀ o: bí téèpù bá ka ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹsì 1, igun náà ti di nǹkan bíi 92°, ògiri tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 á sì ti yà ju ẹsẹ̀ bàtà 1 àti ínǹsì 4 lọ kó tó dé ìparí. Ìdí nìyẹn tí 9, 12 àti 15 fi dára jù níbi tí àyè bá gbà á. Ínǹsì 1 kan náà níbẹ̀, àṣìṣe igun náà kò tó 1°.

Ẹ wá gbé èèkàn yẹn sí (0, 0). Okùn kìíní ni ìlà tí slope rẹ̀ jẹ́ m₁, ìkejì ni m₂. Rìn ẹyọ 1 péré sí ọ̀tún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. O dé (1, m₁) lórí ọ̀kan, o dé (1, m₂) lórí èkejì. Square gígùn ìkíní ni 1 + m₁², ti ìkejì ni 1 + m₂². Téèpù tó lọ láti àmì sí àmì dúró lóòró, torí x méjèèjì jẹ́ 1, nítorí náà square gígùn rẹ̀ ni (m₁ − m₂)². Òfin Pythagoras tí a fi ń wọn 3, 4, 5 ní bí igun bá jẹ́ 90°:

(1 + m₁²) + (1 + m₂²) = (m₁ − m₂)²
2 + m₁² + m₂² = m₁² − 2m₁m₂ + m₂²
2 = −2m₁m₂
m₁m₂ = −1

Bí m₁m₂ bá rẹlẹ̀ ju −1 lọ, bíi −1.2, ohun tí téèpù tó ju 5 lọ ń sọ náà ló ń sọ: igun tó wà láàárín okùn méjèèjì ti ju 90° lọ.

Àbúrò, padà síbi tí mo ti ní "rìn ẹyọ 1 péré sí ọ̀tún". Ìlà òró kò lè rìn ẹyọ 1 sí ọ̀tún. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ẹ mú un bí ìlà òró. Láti ìdí rẹ̀ dé orí, ó gòkè tó nǹkan bíi mítà 5.5, ó sì lọ sí ọ̀tún ní mítà 0. Àlàyé tí mo ṣe yìí kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi gbé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà òfin −1 kò parọ́ nípa x = 4. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ni. Ó yẹ kí ìwé kọ ọ́ báyìí: ìlà méjì tí ìkankan nínú wọn kì í ṣe ìlà òró, wọ́n dábùú ara wọn ní 90° bí m₁m₂ bá jẹ́ −1, wọn kò sì dábùú ara wọn bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ −1.

Òfin tí kì í yọ ìlà kankan sílẹ̀ wà. Kọ ìlà kọ̀ọ̀kan bíi ax + by = c. Fi a ti ìkíní lọ́nà a ti ìkejì, fi b lọ́nà b, ro méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ 0, igun 90° ni. x = 4 ní a = 1, b = 0. y = −3 ní a = 0, b = 1. 1 × 0 + 0 × 1 = 0. Ó tán. Ti Tíṣà, 3x + 4y àti 4x − 3y: 12 − 12 = 0.


Ìyá Ìbejì Lagere dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Ó wá ku limit.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, o mọ ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, o mọ̀ pé Ọ̀sú wà láàárín. Lórí máàpù, Ifẹ̀ wà lápá òsì Ọ̀sú, Iléṣà wà lápá ọ̀tún. Ẹnì kan gbéra ní Ifẹ̀, ẹnì kan gbéra ní Iléṣà, Ọ̀sú ni wọ́n jọ ń lọ. Bí ẹni tó ti Ifẹ̀ bọ̀ ṣe ń sún mọ́ Ọ̀sú, gíga ilẹ̀ tó ń tẹ̀ náà ń sún mọ́ iye kan. Limit apá òsì nìyẹn. Ti ẹni tó ti Iléṣà bọ̀ ni limit apá ọ̀tún. Ohun tí wọ́n máa bá ní ojú Ọ̀sú gan-an kò sí nínú ìbéèrè náà rárá. Ká ní wọ́n mọ pèpéle kan síbẹ̀, tàbí wọ́n gbẹ́ kòtò, limit kò mọ̀ sí i. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, limit wà, iye náà sì ni. Bí wọn kò bá dọ́gba, limit kò sí, kódà bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mọ́lẹ̀ kedere láyè ara rẹ̀.

Wá mú g(x) rẹ. Ẹni tó ti òsì bọ̀ wà níbi tí x < 3, nítorí náà x + 1 nìkan ló máa lò. Ní 2.9 ó wà lórí 3.9, ní 2.99 ó wà lórí 3.99, ní 2.999 ó wà lórí 3.999. Ó ń lọ sí 4. Ẹni tó ti ọ̀tún bọ̀ ń lo 10 − 2x. Ní 3.1 ó wà lórí 3.8, ní 3.01 lórí 3.98, ní 3.001 lórí 3.998. Òun náà ń lọ sí 4. Limit ni 4. 7 tí o kọ ni pèpéle àárín ọ̀nà. Nǹkan tí 7 yẹn sọ fún wa ni pé g já ní 3, torí limit rẹ̀ kì í ṣe g(3), ìyẹn sì jẹ́ ìbéèrè ọ̀tọ̀.

Àmì kékeré tó wà lórí nọ́ńbà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. x → 3⁻ kò túmọ̀ sí pé x ń lọ sí −3. Ó túmọ̀ sí pé ó ń lọ sí 3 láti apá òsì. Èyí tó tún burú jù ni x → −3⁻. Òsì −3 ni −3.1, −3.01, −3.001. Àwọn tó bá lọ mú −2.9 ti bọ́ sí ọ̀tún, torí wọ́n rò pé "kékeré" nìkan ni òsì túmọ̀ sí, wọ́n sì wo 2.9 bíi pé kò ní máínọ́ọ̀sì níwájú.

Ìbéèrè kẹta. f(2) = |2 − 2| + 1 = 1. Nítorí náà

[f(x) − f(2)]/(x − 2) = |x − 2|/(x − 2)

Má pa òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ́ kí o kọ 1. Ìdá yìí ní ojú méjì. Bí x bá wà lápá ọ̀tún 2, x − 2 kì í ṣe nọ́ńbà máínọ́ọ̀sì, |x − 2| jẹ́ x − 2 fúnra rẹ̀, ìdá náà jẹ́ 1. Bí x bá wà lápá òsì, x − 2 jẹ́ máínọ́ọ̀sì, |x − 2| jẹ́ −(x − 2), ìdá náà jẹ́ −1. Fi 1.9 dán an wò: 0.1/(−0.1) = −1. Fi 2.1: 0.1/0.1 = 1. Limit apá òsì ni −1, ti apá ọ̀tún ni 1.

Ohun tó kan limit nínú ọ̀rọ̀ igun wá rèé. Wo ohun tí ìdá yẹn jẹ́. Lókè rẹ̀ ni iye tí gíráàfù gòkè láti (2, 1) dé ibi tí x wà. Nísàlẹ̀ ni iye tó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Slope tí Tíṣà fi ilé 3 àti ilé 2 kà lórí ìwé náà ni. Nítorí náà limit apá òsì ni slope apá òsì gíráàfù níbi tó ti kan (2, 1), limit apá ọ̀tún sì ni slope apá ọ̀tún. −1 lọ́nà 1 jẹ́ −1, apá méjèèjì dábùú ara wọn ní 90°. Àfi tí Tíṣà ní kí o fi sọ́kàn nìyí: slope 1, yí àmì rẹ̀ nìkan, igun 90° ló jáde.

Kíyè sí i pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la wá limit fún. Limit f(x) fúnra rẹ̀ ní 2 wà, 1 ni láti ọ̀tún àti láti òsì. Limit slope kò sí, torí −1 kò dọ́gba pẹ̀lú 1. Gíráàfù náà kò já, ó ṣẹ́ ni.

Má wá sọ pé gbogbo ibi tí gíráàfù bá ti ṣẹ́ ló jẹ́ 90° o. Mú |x² − 9| ní x = 3. Bí o bá fi 3 rọ́pò x lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nínú |x² − 9|/(x − 3), 0/0 lo máa rí. 0/0 kì í ṣe ìdáhùn, kò sì túmọ̀ sí pé limit kò sí. Ó ní kí o lọ tú u ni. Ní òsì 3, nítòsí rẹ̀, x² − 9 jẹ́ máínọ́ọ̀sì, nítorí náà òkè di −(x − 3)(x + 3). Pín in, ó ku −(x + 3), limit rẹ̀ −6. Ní ọ̀tún ó ku x + 3, limit rẹ̀ 6. −6 lọ́nà 6 jẹ́ −36. Ẹnu igun náà lókè kò ju nǹkan bíi 18.9° lọ.

Àwọn function kan sì wà tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ inú wọn. √(x − 3) ní 3: ẹni tó ti ọ̀tún bọ̀ á dé 0, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà láti òsì, torí x − 3 á di máínọ́ọ̀sì lábẹ́ root. Limit apá ọ̀tún nìkan ni kí o kọ níbẹ̀.


Ọmọ Ìrẹ̀mọ:

Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Ìkejì àti ìkẹta ti yé mi. Ó ku ẹyọ kan lórí ìkíní. Ẹnì kan ní kíláàsì wa ṣì ń sọ pé ó tọ́ kí a kọ pé slope ìlà òró jẹ́ infinity, àti pé 0 lọ́nà infinity jẹ́ −1. Kí ni kí n sọ fún un?


Ìyá Ìbejì Lagere:

Má kọ ọ́, limit apá òsì àti apá ọ̀tún gan-an ló máa sọ ìdí fún ọ.

Mú ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ pátápátá, slope rẹ̀ m. Slope èyí tó dábùú rẹ̀ ni −1/m. Jẹ́ kí m máa sún mọ́ 0 láti ọ̀tún: m = 0.1 fún wa ní −10, 0.01 fún wa ní −100, 0.001 fún wa ní −1000. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láìlópin. Wá láti òsì: m = −0.1 fún wa ní 10, −0.01 fún wa ní 100, −0.001 fún wa ní 1000. Ó ń gòkè láìlópin. Láti ọ̀tún, −∞. Láti òsì, +∞. Bí a bá fẹ́ pe slope ìlà òró ní infinity, ti ẹ̀gbẹ́ wo la máa mú?

Mú rúlà méjì tí a so pọ̀ ní 90° bí àgbélébùú, kí o wò ó. Bí o bá gbé èyí tó sùn sókè díẹ̀ lápá ọ̀tún, èyí tó dúró á fì sí òsì. Bí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, á fì sí ọ̀tún. Láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí èyí tó sùn ṣe ń padà sípò, èyí tó dúró ń lọ sí ìdúró kan náà, ìdúró òró. Nítorí náà ìlà fúnra rẹ̀ dé ibì kan ṣoṣo. Nọ́ńbà tí a fi ń ka ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ya lọ sí òpin méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Kò sóhun tó ṣe ìlà òró, slope ni kò ní nọ́ńbà tó máa fún un.

Ti "0 lọ́nà infinity jẹ́ −1": m lọ́nà −1/m jẹ́ −1 ní gbogbo ojú ọ̀nà, láti òsì àti láti ọ̀tún, nítorí náà limit rẹ̀ jẹ́ −1 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní m = 0 gan-an, kò sí −1/m tí a máa fi lọ́nà ohunkóhun. Àṣìṣe tí o ṣe lórí g(x) lòun náà ń ṣe, ó kàn dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn ni. Ìwọ mú iye tó wà lójú Ọ̀sú, o pè é ní ti ọ̀nà. Òun mú ti ọ̀nà, ó ń pè é ní ti ojú Ọ̀sú. Sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé m lọ́nà 5/m ńkọ́? 5 ni, láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí m ń lọ sí 0 tí 5/m ń lọ láìlópin. Bí 0 lọ́nà infinity bá jẹ́ −1, 5 yẹn ti ibo wá?


Tíṣà Ìlódè:

Ó wọ̀ mí lára, Ìyá Ìbejì. Àbúrò, ṣe èyí, kó lè fi hàn wá pé ó yé ọ:

h(x) = 2x + 1, bí x < 1
h(x) = ax + b, bí x ≥ 1

Wá a àti b, kí limit h(x) lè wà ní x = 1, kí apá méjèèjì gíráàfù sì dábùú ara wọn ní 90°.


Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ìró:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbìyànjú, sà. a = −1/2. Limit apá òsì jẹ́ 3, nítorí náà b = 3.


Birikilà Ìsọ̀kùn (Iléṣà):

a rẹ tọ́. b kò tọ́. Pẹ̀lú b = 3, apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ láti −1/2 + 3 = 2.5 ní x = 1, nígbà tí apá òsì ń bọ̀ wá sí 3. Ògiri méjèèjì ṣe 90° síra wọn, àmọ́ wọn kò pàdé, àlàfo 0.5 wà láàárín wọn. O fi b ṣe limit, bẹ́ẹ̀ a + b ni apá ọ̀tún ń lọ sí, torí x = 1, kì í ṣe 0.


Ọmọ Ìrẹ̀mọ:

Mo ti ṣe é. Slope apá òsì jẹ́ 2, nítorí náà a = −1/2. Limit apá òsì: 2(1) + 1 = 3. Limit apá ọ̀tún: a + b. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, −1/2 + b = 3, b = 7/2.

Mo dán an wò: ní 0.99, 2(0.99) + 1 = 2.98. Ní 1.01, −0.505 + 3.5 = 2.995. Méjèèjì ń lọ sí 3.


Ìyá Ìbejì Lagere:

Ó pé. Bí o bá ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, fi limit apá òsì sórí ìlà tirẹ̀, fi ti apá ọ̀tún sórí ìlà tirẹ̀, kí o tó kọ pé wọ́n dọ́gba. Máàkì lè wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kó wọn pọ̀ sínú ìlà kan lè pàdánù ọ̀kan níbẹ̀.